Ìyàwó mi ló máa wà nílé: ṣọ́tígọ́ọ̀nù ni ká rà àbí ráífù?

Bàbá Ìbejì, Katy

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ. Katy là ń gbé, lẹ́bàá Houston. Tírélà ni mo ń wà, mo sì lè lo ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún lójú ọ̀nà kí n tó wálé. Ìyàwó mi ló máa ń wà pẹ̀lú àwọn ìbejì, ọmọ ọdún mẹ́fà, àti ìyá rẹ̀ tó wá kí wa láti Ìlọrà.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ilé aládùúgbò wa lójú ọ̀sán gangan. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n, wọ́n kó góòlù ìyàwó lọ. Kò sẹ́ni tó farapa, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mi ò bá ti sí nílé, ìyàwó mi kì í sùn. A ti jọ jókòó sọ ọ́, a sì fẹnu kò pé a ó ra ìbọn. Pístù ò wù ú, ó ní ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀, ọmọdé lè kó o sínú báàgì ilé ìwé. Ó wá ku ṣọ́tígọ́ọ̀nù àti ráífù. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní ṣọ́tígọ́ọ̀nù ni, pé "bó o bá ti fà á báyìí, kra-kra, olè á bẹ́ jáde." Ẹlòmíì ní ráífù ni, èyí tí wọ́n ń pè ní AR-15.

Owó tí mo yà sọ́tọ̀ ò ju ẹgbẹ̀rún kan dọ́là lọ, tòun ti ọta àti gbogbo ìnáwó. Ìbọn kan ṣoṣo tí mo fọwọ́ kàn rí láyé mi ni ṣakabùlà bàbá bàbá mi tó wà lára ògiri, mi ò sì gbọ́ kó dún rí. Green card lèmi ní, ìyàwó mi ti di ọmọ ìlú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ mi sọ́nà.

Sójà Tẹ́lẹ̀, Killeen

Ẹ kú ewu o, Bàbá Ìbejì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ kra-kra yẹn palẹ̀, nítorí kò sí ilé ìtajà ìbọn tí wọn kì í ti sọ ọ́. Lóòótọ́, ìró pump action, ìyẹn ṣọ́tígọ́ọ̀nù tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà sẹ́yìn tì síwájú kó tó gbé ọta míì, máa ń ba èèyàn lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ẹni tó wọlé. Ó lè jẹ́ pé nǹkan tó fà sórí ni kò jẹ́ kó gbọ́ràn. Ó lè jẹ́ pé òun náà gbé ìbọn dání, kí ẹ wá fi ìró yẹn júwe ibi tẹ́ ẹ dúró sí fún un. Ohun tí èèyàn bá rà nítorí ariwo rẹ̀, agogo ni, kì í ṣe ìbọn.

Ó dáa. Ṣọ́tígọ́ọ̀nù 12 gauge (gauge ni wọ́n fi ń wọn fífẹ̀ ihò ìbọn, 20 gauge kéré sí 12), tẹ́ ẹ bá ki kátíríìjì tí wọ́n ń pè ní 00 bọ̀ ọ́, ọta wẹ́wẹ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan wọn tó nǹkan bíi gíráàmù mẹ́ta ààbọ̀. Ọta AR-15 tó wọ́pọ̀ jù lọ, oní-55 grain (grain ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo ọta), ìwọ̀n yẹn náà ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹyọ kan ni ráífù ń yìn, eré tí ẹyọ náà sì ń sá ju ìlọ́po méjì ti ọta ṣọ́tígọ́ọ̀nù lọ. Nítorí náà, tó bá jẹ́ ti ká ṣe èèyàn léṣe, kò sí èyí tó kéré nínú méjèèjì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "èyí lágbára ju tọ̀hún" tàn yín.

Ibi tí ọ̀nà wọn ti yà ni ọwọ́ ẹni tó ń lò ó. 12 gauge máa ń tani nípàá gan-an. Pump action, ẹ gbọ́dọ̀ fà á dé ẹ̀yìn pátápátá kẹ́ ẹ tó tì í padà síwájú. Tí ẹ̀rù bá mú èèyàn, ọwọ́ kì í parí iṣẹ́ yẹn: á fà á dé ìdajì, kátíríìjì tó ti dún á há síbẹ̀, ìbọn á wá di igi ìdáná. Mo ti rí ọkùnrin gìrìpá tó ṣe é, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Kátíríìjì tó ń gbà náà ò pọ̀, mẹ́rin sí mẹ́jọ. AR-15 kì í tani tó bẹ́ẹ̀, ọta 30 ló máa ń wà nínú mágásìnì rẹ̀, ìyẹn àpótí ọta rẹ̀, ní Texas níbí, ẹ sì lè fa ìdí rẹ̀ tó ń kan èjìká gùn tàbí kí ẹ tì í kúrú kó lè bá apá ẹni tí kò ga mu.

Tó bá jẹ́ èmi, ráífù ni. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló máa wà nílé yín lóru. Madam ńkọ́? Kí ni wọ́n wí?

Ọmọ Ọdẹ, Ṣakí

Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ará òkè òkun. Ilé ọdẹ ni wọ́n ti bí mi, ẹ jẹ́ n dá sí i. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ṣọ́tígọ́ọ̀nù lọba. Olójú méjì ti bàbá mi, ẹ ṣẹ́ ẹ, ẹ ki kátíríìjì méjì, ẹ dé e, ó parí. Kò sí bọ́tìnì rẹpẹtẹ. Ó ti jìyà òjò, ó ti jìyà eruku ọyẹ́, ó ṣì ń dún. Bí ẹran bá sì sáré kọjá nínú òkùnkùn, ẹ ò nílò láti jẹ́ atamátàsé. Ẹ ṣáà kọjú ẹ̀ sọ́hùn-ún, ọta á tàn ká, á wá a kàn. Obìnrin tí kò mọ ìbọn, ohun tó yẹ ẹ́ nìyẹn.

Sójà Tẹ́lẹ̀, Killeen

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ Ògún, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ kí èyí kọjá. Níbi tẹ́ ẹ ti ń yìn sí ẹtu, ó tó ọgbọ̀n mítà sí yín, kò burú, ọta ti ráyè tàn. Nínú ilé Katy, láti ẹnu ọ̀nà yàrá dé orí àtẹ̀gùn, ó ṣòro kó ju mítà márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. Níbi tó sún mọ́ tó yẹn, gbogbo ọta wẹ́wẹ́ náà á ṣì wà papọ̀, fífẹ̀ wọn ò ní ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ẹni tí kò bá fojú sun ún dáadáa á ta á sófo, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán á sì gba ara ògiri lọ. Àwọn míì á tún ní kẹ́ ẹ lo kátíríìjì ọta ẹyẹ nítorí pé kì í wọ ògiri púpọ̀. Kì í wọ ara náà púpọ̀.

Ọmọ Ọdẹ, Ṣakí

Mo gbà. Ọta tá a fi ń pa àparò, ìgalà á gbọn ọ́n dànù bí ẹni gbọn òjò, á máa lọ. Àmọ́ lórí ọ̀rọ̀ pé ṣọ́tígọ́ọ̀nù ò lẹ́mìí ìjà, mi ò gbà yẹn o.

Nọ́ọ̀sì Òru, Dallas

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, bọ̀dá? Ẹ fara balẹ̀.

Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí obìnrin bá obìnrin sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ ka èyí sí ìyàwó yín létí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọkọ mi mú mi lọ sí réńjì, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn, pump action 12 gauge ló kì bọ̀ mí lọ́wọ́. Kò kọ́ mi bí mo ṣe máa dúró, ó kàn ní "fà á." Mo fà á. Ìdí ìbọn yẹn kàn mí léjìká bí òbúkọ, mo rìn sẹ́yìn ìṣísẹ̀ méjì, àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo bọ́ aṣọ nílé, èjìká mi ti pa aró bí àdìrẹ. Odindi ọdún kan ni mi ò fi fọwọ́ kan ìbọn mọ́. Ìbọn wà nílé o, ṣùgbọ́n bí olè bá wọlé lọ́dún yẹn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mi ò bá sá wọ̀.

Obìnrin kan tó ń kọ́ni ló tún mi ṣe. Ó ní ẹsẹ̀ òsì síwájú, kí n tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni fẹ́ ti ilẹ̀kùn, kí n fa ìdí ìbọn mọ́ ojú èjìká pinpin, kó má ráyè sáré wá bá mi. Ó gbé 20 gauge fún mi. Ó yàtọ̀ pátápátá. Ó tún gbé AR-15 fún mi, ìyẹn ò tiẹ̀ ju ká sọ pé ẹnì kan fi àtẹ́lẹwọ́ ti èèyàn léjìká. Mo wá rí i pé kì í ṣe pé ẹ̀rù ìbọn ń bà mí, ìbọn tí wọ́n gbé fún mi ni kò bá mi mu.

20 gauge aládàáṣe ni mo padà rà, èyí tí kò nílò kra-kra. Sójà á bínú, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀ sí i. Kátíríìjì márùn-ún ń bẹ nínú rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n tinú tẹ̀yìn.

Ohun kan tí mo fẹ́ sọ nítorí ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́: nínú ikú tí ìbọn ń fà ní Amẹ́ríkà, èyí tó ju ìdajì lọ ló jẹ́ pé ẹni náà ló yìn ín fún ara rẹ̀. Kì í ṣe olè. Bí ẹnì kan nínú ilé bá wà nínú ìbànújẹ́ ńlá, tàbí tí ilé ò tòrò láàárín tọkọtaya, ẹ jẹ́ kí ìbọn ṣì wà ní sọ́ọ̀bù ẹni tó ń tà á. Tẹ́ ẹ bá sì rà á, ẹ ra sééfù ṣáájú ìbọn. Kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣáájú.

Bàbá Ìbejì, Katy

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ka tiyín sí i létí, ó rẹ́rìn-ín títí lórí òbúkọ yẹn. Ó ní òun á wá sí réńjì ní Sátidé. Ìbéèrè mi: ṣé kò ní séwu tí ọta bá gba ara ògiri kọjá? Yàrá àwọn ọmọ kọjú sí àtẹ̀gùn.

Sójà Tẹ́lẹ̀, Killeen

Ìbéèrè yìí ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó fẹ́ ta ìbọn fún yín, torí ilé tí wọ́n ń kọ́ níbí, ẹ mọ̀ ọ́n, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Pátákó ni egungun rẹ̀, ẹfun àti páálí lara rẹ̀. Ẹ lè fi ìkúùkù lu ihò sí i.

Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọta tó bá lè dá èèyàn dúró á gba ògiri yẹn kọjá, ọta ìbọn yòówù kó jẹ́. Ọta 00 máa ń gba ògiri bí mélòó kan kọjá láìwẹ̀yìn. Ọta ráífù kékeré tí mo wí yẹn, nítorí pé ó fúyẹ́ tó sì ń sáré, ó sábà máa ń takìtì lẹ́yìn ògiri àkọ́kọ́, òmíràn a fọ́ wẹ́wẹ́, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe fún ààbò ilé. Èyí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, wọ́n rò pé ráífù ni yóò gba ilé mẹ́ta kọjá. Ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé ó dúró. Ẹ má gbọ́kàn lé e.

Nítorí náà, ibi tí ẹni tó gbé ìbọn máa dúró ló ṣe pàtàkì. Ẹ rìn ín wò ní ọ̀sán pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá, na ìka sí orí àtẹ̀gùn: kí ló wà lẹ́yìn ìka yẹn? Bó bá jẹ́ yàrá ìbejì, ẹ wá ibòmíì dúró sí. Ohun tó dáa jù ni kí ìyàwó yín kó ìyá àti àwọn ọmọ sí yàrá kan, kó ti ilẹ̀kùn, kó pe 911, kó wà lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìbọn tó kọjú sí ilẹ̀kùn. Kó má sọ̀ kalẹ̀ lọ wá olè kiri. Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń gbé, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e.

Bí AR bá lẹ̀ ń rà, ẹ rántí pé ohun tẹ́ ẹ fi ń fojú sun ún lórí ìbọn ga ju ọ̀pá rẹ̀ lọ ní bí ínṣì méjì ààbọ̀. Ní mítà márùn-ún, ọta á bà nísàlẹ̀ ibi tẹ́ ẹ wò. Kékeré ni, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú rẹ̀ ní réńjì kẹ́ ẹ lè rí i.

Ìyá Ọlọ́jà, Bowie

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látàárọ̀. Mo ní ìbéèrè kan fún Bàbá Ìbejì. Ìyá ìyàwó yín tó wà nílé yẹn, ṣé kì í jí gbàdúrà lóru?

Bàbá Ìbejì, Katy

Ẹ̀yin màmá wa, aago mẹ́ta géérégé! Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pálọ̀, wọn ò ní tan iná, wọ́n á máa rìn síwá sẹ́yìn.

Ìyá Ọlọ́jà, Bowie

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ń ṣe é nílé ọmọ mi. Ọjọ́ kan ni ọkọ ọmọ mi jí, ó gbọ́ ẹsẹ̀ nísàlẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ wá pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. Èmi ló bá, tí mo da aṣọ funfun borí nínú òkùnkùn. Ọlọ́run ló yọ mí: ó pè mí kó tó ṣe nǹkan kan, mo sì dáhùn. Àwa méjèèjì jókòó sórí àtẹ̀gùn, à ń gbọ̀n. Láti ọjọ́ yẹn, iná kan máa ń wà ní títàn ní kíṣìnì mọ́jú, bí mo bá sì ti ń jáde ní yàrá ni mo ti ń kọrin.

Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì sí ara ìbọn yẹn, tàbí kí tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí wọn ò bá tíì rí ojú rẹ̀, kí wọ́n má kọjú ìbọn sí i.

Kẹ́ ẹ sì tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣe! Ẹ ò ríi pé kò sẹ́ni tó dárúkọ ilẹ̀kùn? Ẹ tú irin tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ lára férémù yẹn wò. Síkúrù tó wà níbẹ̀ ò gùn ju èékánná lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo já a. Ẹ fi síkúrù ínṣì mẹ́ta rọ́pò rẹ̀ kó wọ inú pátákó ògiri. Kò tó dọ́là mẹ́wàá.

Lọ́yà Kékeré, Houston

Màmá ti gba ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwé, nítorí ibẹ̀ ni àwa àjèjì ti ń kó sí wàhálà. Kì í ṣe pé mo di agbẹjọ́rò yín o, ẹ wá tiyín rí.

Ẹni tó ní green card lè ra ìbọn. Fọ́ọ̀mù 4473 ni wọ́n máa gbé fún yín ní sọ́ọ̀bù, wọ́n á sì yẹ orúkọ yín wò lójú ẹsẹ̀ lọ́dọ̀ FBI, bó ṣe rí láti 1998 nìyẹn. Fọ́ọ̀mù yẹn bi yín pé ọmọ orílẹ̀-èdè wo ni yín. Ẹ má ṣe fi àmì sí ọmọ Amẹ́ríkà tí ẹ kì í bá ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Mo mọ ẹni tó ṣe é nítorí pé akọ̀wé sọ́ọ̀bù ń kánjú. Irọ́ lórí ìwé yẹn, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni lójú ìjọba àpapọ̀. Lójú àwọn ìmígíréṣọ̀n, pípe ara ẹni ní ọmọ ìlú lè ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn títí láé. Nọ́ńbà tó wà lára green card yín ni kẹ́ ẹ kọ.

Èkejì: ìyá ìyàwó yín. Bó bá jẹ́ físà ìbẹ̀wò ni wọ́n fi wọlé, òfin ìjọba àpapọ̀ ò gbà wọ́n láàyè láti ní ìbọn tàbí ọta níkàáwọ́, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé ọdẹ ṣíṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ onífísà. Nítorí náà, ẹ má fún màmá ní nọ́ńbà sééfù, kẹ́ ẹ má sì tọ́jú kọ́kọ́rọ́ sí yàrá wọn "kí wọ́n lè bá wa mú un."

Ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi rí pé ó na ìyàwó tàbí ọkọ, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹjọ́ kékeré, kò gbọ́dọ̀ ní ìbọn láti ìgbà tí òfin 1996 ti jáde. Fọ́ọ̀mù yẹn tún bèèrè bóyá ẹ ń mu igbó. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó ni ín gan-an fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ pé ìyàwó yín ló ń lò ó tó sì jẹ́ ọmọ ìlú, kó lọ rà á fúnra rẹ̀. Ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀.

Texas ò ní kẹ́ ẹ gba ìwé àṣẹ láti ní ìbọn gígùn nílé, kò sì ní kẹ́ ẹ dúró de ọjọ́ kankan. Ẹni tó bá já ilẹ̀kùn wọlé nígbà tẹ́ ẹ wà nínú ilé, òfin wà lẹ́yìn yín. Ẹni tó ti yíjú padà tó ń sá lọ ní ojú pópó, ọ̀rọ̀ di méjì. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 bá rí ìbọn tó kún fún ọta mú nítorí pé ẹ ò tì í pa, ẹ̀ṣẹ̀ ni ní Texas.

Alágbàdo, Baltimore

Ẹ bá wa rán àwọn ará Maryland létí pé kì í ṣe Texas là ń gbé o. Ọ̀pọ̀ AR-15 ni wọ́n ti fòfin dè lọ́dọ̀ wa láti oṣù kẹwàá 2013, wọn ò sì lè tà mágásìnì tó bá ju ọta 10 lọ fún wa. Wọ́n pe ẹjọ́ títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù, ilé ẹjọ́ kọ̀ láti gbọ́ ọ ní 2025. Illinois náà ṣe irú rẹ̀ ní 2023. Èmi ò ní ìyọnu pé èwo ni kí n yàn, pump action ni mo rà, ìjọba ti bá mi yàn.

Ọmọ Peckham, London

Ẹ̀yin èèyàn yìí ń gbádùn o. Bí ẹ bá sọ fún ọlọ́pàá níbí pé nítorí olè lẹ ṣe fẹ́ ṣọ́tígọ́ọ̀nù, ìwé yín ti bàjẹ́ nìyẹn, torí ààbò ara ẹni kì í ṣe ìdí tí wọ́n ń gbà. Oko, ọdẹ, tàbí ìdíje ìyìnbọn. Ọ̀pá rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn tó ínṣì 24, lẹ́yìn èyí tó wà lójú ìbọn, kátíríìjì méjì péré ló lè gbà sí i. Pístù ti lọ láti 1997. Igi ìgbálẹ̀ ni mo fi sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọmọ Ìkòròdú, Newark

Ìbéèrè tèmi yà díẹ̀. Bàbá mi ní oko ní apá Ìmẹ̀kọ, ẹ̀rù àwọn ajínigbé ń bà mí. Ṣé mo lè tú ṣọ́tígọ́ọ̀nù kan, kí n kì í sínú àwọn ẹrù tí mo ń fi ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́?

Lọ́yà Kékeré, Houston

RÁRÁ. Ẹ parí ẹ̀ síbẹ̀. Ìjọba ibí á mú yín nítorí pé ẹ kó ìbọn jáde láìgba ìwé, Kọ́sítọ́ọ̀mù á mú bàbá ní ọjọ́ ogbó wọn. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ṣì ń ṣiṣẹ́. Aráàlú lè bẹ̀bẹ̀ fún ìwé ṣọ́tígọ́ọ̀nù lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n èyí tó ń gbé ọta fúnra rẹ̀ tàbí tó ní ẹ̀rọ tó fi ń gbé e, òfin yọ ọ́ kúrò. Ìyẹn ni pé pump action tí gbogbo èèyàn ń pariwo rẹ̀ gan-an kò sí nínú rẹ̀. Gbogbo pístù àti ráífù ológun, Ààrẹ nìkan ló lè fún èèyàn ní ìwé rẹ̀.

Ọmọ Ọdẹ, Ṣakí

Òótọ́ lẹ wí. Olójú méjì ti bàbá mi níwèé, ó sì máa ń lọ tún ìwé náà gbà. Ọmọ Ìkòròdú, owó lẹ máa fi ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí bàbá bá àwọn ọdẹ àdúgbò àti àwọn Amọ̀tẹ́kùn ìpínlẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Àgbàlagbà kan ṣoṣo pẹ̀lú ìbọn lóko, ìbọn yẹn gan-an làwọn èèyàn burúkú á wá gbà.

Nọ́ọ̀sì Òru, Dallas

Bàbá Ìbejì, Sátidé ti kọjá. Ẹ ti dákẹ́ jù.

Bàbá Ìbejì, Katy

Ẹ má bínú, Memphis ni mo wà. Ẹ jẹ́ n ròyìn.

A lọ sí réńjì tó ń háyà ìbọn, a sì gba olùkọ́ fún wákàtí méjì. Mo ti pinnu lọ́kàn mi pé ṣọ́tígọ́ọ̀nù la máa rà, nítorí owó rẹ̀: àwọn pump action tuntun tí mo rí wà láàárín 300 sí 500 dọ́là, AR tó ṣeé fọkàn tán wọ́n ju ìyẹn lọ. Ìyàwó mi kọ́kọ́ yin 12 gauge, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó gbé e padà fún olùkọ́ láìsọ̀rọ̀. Èmi gbé e, mo fẹ́ fi han pé ọkùnrin ni mí. Mo yìn ín, mo fà á, mi ò fà á tán. Kátíríìjì há. Gẹ́lẹ́ bí Sójà ṣe wí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí olè kankan níbẹ̀, kò sí òkùnkùn.

20 gauge tẹ́ ẹ sọ bá a mu, ó lu àárín páálí dáadáa. Ó wá gbé AR. Olùkọ́ ti ìdí rẹ̀ kúrú fún un, ó wò ó, ó yìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n fa páálí wá, gbogbo ihò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wà nínú ohun tí kò ju ìdérí ìkòkò ọbẹ̀ lọ. Ó yíjú sí mi, kò rẹ́rìn-ín, ó ní "èyí ni." Mo ní "20 gauge ńkọ́?" Ó ní ṣé èmi ni mo máa wà nílé ni?

Ó fọwọ́ sí ìwé fúnra rẹ̀. Ẹ̀dínwó wà lórí ráífù náà, sééfù gba 180 dọ́là, a sì fi irin kàn án mọ́ pátákó ògiri nínú yàrá wa. A ra ohun ìdíletí méjì tó ń jẹ́ kéèyàn gbọ́ ọ̀rọ̀ àmọ́ tí kì í jẹ́ kí ìró ìbọn ba etí jẹ́, wọ́n wà nínú sééfù pẹ̀lú rẹ̀. Síkúrù màmá Bowie ti wọlé: eléyìí tí mo tú lára férémù, mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó kéré débi pé ojú tì mí. Iná kíṣìnì ń tàn mọ́jú. Màmá Ìlọrà ò mọ nọ́ńbà sééfù.

Èmi náà ò mọ̀ ọ́n mọ́. Mo pè nílé láàárọ̀ yìí, ìyàwó mi ní ìbejì kan dúró lẹ́yìn mi nígbà tí mò ń tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, òun ti yí i padà, bí mo bá délé òun á sọ ọ́ sí mi létí.